Orí Àgbọ̀nrín Inú Fírísà Wa

Lọ́dún tí a bí àkọ́bí wa sí Manchester, ìdí mi kò gba àga. Bí mo bá wà ní láàbù, ilé ni ọkàn mi ń lọ. Bí mo bá délé, láàbù ni mo ń rò. Bí mo bá sì fẹ̀yìn lélẹ̀, Ìbàdàn ni mo máa ń bá ara mi, mo ti ń gun òkè Mọ́kọ́lá lọ. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Yunifásítì tó rán mi wá láti ilé ti sọ fún mi pé tí oṣù kẹsàn-án bá fi kọjá tí àwọn ò rí mi, ẹlòmíràn ni àwọn máa fi sí àyè iṣẹ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ lọ́dún náà ò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ: kí èmi, ìyàwó mi àti ọmọ tó wà nínú rẹ̀ jọ wọ bàálù kan náà padà sílé. Mo sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi ní tí òun bá tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun máa bímọ láìtọ́jọ́.

Àwọn ará wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọmọ Ìbàdàn tó wá sílùú òyìnbó wá kàwé àgbọ̀nrín!" Mo máa ń ní kí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹran igbó ilé wa ń tán lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ iye tí ọdẹ lè pa lọ́dún kan tí kò fi ní run. Ìmọ̀ yẹn ni mo wá wá. Bó bá jẹ́ ẹnjiníà ló lè sọ fún wa, kó wá sọ.

Ọgbà ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú, wọ́n mọ odi yí i ká láti ayé àtijọ́, àgbọ̀nrín ló kún inú rẹ̀. Ẹran ti pọ̀ ju koríko lọ. Bí ìgbà òtútù bá ń parí lọ, a máa ń rí àwọn tí ebi pa kú lẹ́bàá odi, ìhà wọn á ti ta síta. Bàbá òyìnbó kan tó ń ṣọ́ wọn máa ń yìnbọn pa díẹ̀ nínú àwọn abo lọ́dọọdún, kí ìyókù lè rí jẹ. Ṣùgbọ́n mélòó ni kó pa, àwọn wo sì ni? Bí o bá pa jù, ọgbà á dahoro. Bí o bá pa kéré jù, ebi á bá ọ pa ìyókù, ebi ò sì mọ aboyún yàtọ̀. Bàbá náà ní àwọn arúgbó ni kí àwọn máa pa, nítorí wọn kì í bímọ mọ́. Ọ̀gá mi ní yunifásítì, obìnrin gíga kan tí kì í wọ kóòtù nínú òtútù, ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Iṣẹ́ tèmi nìyẹn: kí n wádìí iye ọdún abo kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pa, kí n sì wò ó bóyá ó lóyún.

Eyín la fi ń mọ ọjọ́ orí wọn. A ó yọ eyín iwájú, a ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó pa á láró, a ó fi sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ìgbà òtútù kọ̀ọ̀kan tí ẹran náà bá là kọjá máa ń fi ilà kan sílẹ̀ ní gbòǹgbò eyín. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí àgbọ̀nrín onírù funfun ni ọ̀gá mi ti kọ́ ọ. Wọ́n fi eyín àwọn àgbọ̀nrín wọn tí wọ́n mọ ọjọ́ ìbí wọn ránṣẹ́ sí i, orí ìyẹn ni mo sì ti kọ́ ojú mi. N kò fojú kan àgbọ̀nrín onírù funfun láàyè rí, àmọ́ ìyàwó mi ní mo mọ eyín rẹ̀ ju eyín òun lọ.

Ilé ọmọ abo kọ̀ọ̀kan wà nínú ìgò ní láàbù, orí rẹ̀ sì wà nínú fírísà. Nọ́ńbà tó wà lára ìgò náà la kọ sára rọ́bà kékeré kan, tí a so mọ́ etí orí náà. Nọ́ńbà yẹn ni gbogbo iṣẹ́. Tí kò bá sí i, o ní orí, o ní ilé ọmọ, o ò mọ ẹni tó ni èwo.

Nígbà tí òtútù ọdún náà ń lọ sópin, tí wọ́n ti yìnbọn tán, tí mo sì ti ní orí tó tó mi, fírísà láàbù dákẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ẹni tó máa tún un ṣe ò lè wá títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀gá mi ní kí n wá ibi kó wọn sí kíákíá. Ibo ni mo fẹ́ kó wọn sí? Ilé mi náà ni. A ní fírísà ńlá kan, irú èyí tó dùbúlẹ̀ bí àpótí, tí a rà lọ́wọ́ ẹnìkan ní Ashton nítorí pé ọmọ Nàìjíríà ò mọ bí a ti ń ra ẹran díẹ̀. Mo di àwọn orí náà sínú ọ̀rá dúdú, mo fi táásì kó wọn lọ sí ilé kánsù ìlú tí à ń gbé ní Hulme, mo gbé wọn gun àtẹ̀gùn.

Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyàwó mi bímọ. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìyá ìyàwó mi dé láti Ìbàdàn, wọ́n ti gba fíísà sílẹ̀ tipẹ́ láti wá wẹ ọmọ. Wọ́n gbé àpótí tó kún fún èlùbọ́ àti ata gbígbẹ wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì kánsù.

"Ẹ dìde, ọkọ ọmọ mi, ẹ dìde. Ilẹ̀ yìí tutù. A kú ewu ọmọ o!"

"A kú ewu ọmọ mà. Ẹ kú ìrìn mà."

Mo mú wọn wo ilé. A dé ilé ìdáná, wọ́n gbé ọwọ́ lé fírísà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi: ẹ má fọwọ́ kan àwọn orí tó wà níbẹ̀. Ó wà lẹ́nu mi gbọnrangandan. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ ọ́? Ìyá tó bí ìyàwó rẹ gòkè òkun wá, kò tíì bọ́ bàtà, o wá ń sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan ẹran? Wọn á gbé e dé Ìbàdàn pé ahun ni ọmọ àwọn fẹ́. Àna kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Ẹnu mi kàn la ara rẹ̀, ó sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré.

"Mà, ilé yín ni. Ohunkóhun tí ẹ bá rí níbẹ̀, tiyín ni."

"Ọlọ́run á bùkún yín," ni wọ́n sọ. Mo sì rò nínú ara mi pé tí ìyàwó mi bá ti ọsibítù dé, òun ló máa sọ fún ìyá rẹ̀. Ọmọ lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyẹn ò burú.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ mú ìyàwó mi àti ọmọ wá láti ọsibítù. Ìsàlẹ̀ ilé la ti rí èéfín. Àwọn ilé Hulme ìgbà yẹn, tí wọ́n gùn tí wọ́n sì tẹ̀ kọdọrọ, wọ́n ní ọ̀nà gbọọrọ kan tó kọjá níwájú gbogbo ilẹ̀kùn. Ìyá ìyàwó mi ti ṣí ilẹ̀kùn wa sílẹ̀ gbayawu, èéfín irun ẹran ń tú jáde. Aládùúgbò wa, ọkùnrin kan tó kun irun rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó sì fi irin gún imú, jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó tirẹ̀, wọ́n gbé abọ́ lé itan, omi ń jáde lójú àwọn méjèèjì nítorí ata. Àáké rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ti yá a lọ́wọ́ rẹ̀ láti la orí.

"Àyànfẹ́ mi dé o!" Ìyá ìyàwó mi jó jáde, wọ́n gba ọmọ, wọ́n kí ọmọ, wọ́n kí ìyá ọmọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí mi. "Ẹ wá wo ọkọ! Ẹ wá wo ọkọ tó mọ ohun tó ń ṣe! Ó ti fi orí ẹran kún inú fírísà de ìyàwó tó fẹ́ bímọ. Mo ti fi iná sun gbogbo ẹ̀, mo ti sè é tán, kò ní bà jẹ́ mọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin ìsinsìnyí, mélòó ló ń ronú bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo ẹ̀. Mo wo ìyàwó mi, ìyàwó mi wò mí. Ó mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn, èmi fúnra mi ni mo sọ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Mo rí i tó ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó dànù. Inú bí mi, ó bí mi débi pé etí mi ń hó. Ó tún ń ṣe mí bí ẹni pé kí n sunkún. Èmi náà ló sọ pé tiyín ni.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun mà. Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ọmọ."

Wọ́n bu tèmi wá, mo jẹ ẹ́. Kí n má purọ́, ó dùn. Ahọ́n yẹn rọ̀, ata yẹn dé ibi tó yẹ kó dé, mo sì ń jẹ àkókò ara mi lójú ara mi.

"Rọ́bà kan tiẹ̀ wà létí wọn," ni wọ́n sọ. "Mo gé gbogbo ẹ̀ dànù. Kí ni òyìnbó ń so rọ́bà mọ́ ẹran fún?"

Mo ní mo fẹ́ lọ da ìdọ̀tí nù. Ihò kan wà lára ògiri tí gbogbo wa máa ń da ìdọ̀tí sí, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń já sí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ inú yàrá tó ń rùn yẹn, mo tú ìdọ̀tí gbogbo ilé. Mo rí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, eyín ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo rí àwọn rọ́bà náà, lọ́tọ̀, nínú ọ̀rá kan tí wọ́n di dáadáa nítorí pé obìnrin onímọ̀ọ́tótó ni wọ́n. Eyín wà, nọ́ńbà wà, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ mọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo káwọ́ lérí.

Láti ọjọ́ náà n kò lè jókòó mọ́. Mo máa ń rìn ni. Mo máa ń rìn láti Hulme dé Trafford Park, tí kì í ṣe pé mo níṣẹ́ níbẹ̀, kí n kàn ṣáà máa lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà máa ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan níbẹ̀, mo lọ bá a nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri. Nígbà tó rí ojú mi, ó dákẹ́.

"O ò ṣáà ní sọ pé ìyẹn ló máa dá ọ dúró," ó ní. "Ìwọ kọ́ lo wọn ẹran kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n pa á?"

"Èmi ni."

"O mọ èyí tó tóbi, o mọ èyí tó kéré. Gbé eegun ńlá fún ẹran ńlá, gbé kékeré fún kékeré, fi nọ́ńbà sí i, máa lọ sílé. Ta ló máa mọ̀? Ṣé àgbọ̀nrín máa wá jẹ́rìí ni?"

Ẹ má rò pé n kò rò ó. Mo rò ó láti Trafford Park padà dé Hulme, mo rò ó lórí àtẹ̀gùn, mo rò ó nígbà tí mo gbé ọmọ tí kò fẹ́ sùn mọ́ àyà. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń dùn mí gan-an nìyí: ohun tí a ò mọ̀ ni bóyá èyí tó tóbi ni àgbà. Ebi ló wà nínú ọgbà yẹn. Bí mo bá ti fi ńlá ṣe àgbà, mo ti dá ìdáhùn sílẹ̀ kí n tó béèrè, bàbá oníbọn á sì máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mi yìnbọn lọ́dọọdún. Nígbà tí mo wá rí òtítọ́ ní òtútù tó tẹ̀ lé e, àwọn kan tó kéré jù nínú wọn ni ìyá àgbà, wọ́n sì lóyún. Ká ní mo ti ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ mi wí, àwọn tó ń bímọ gan-an ni à bá máa pa tán.

Mo lọ sọ fún ọ̀gá mi. Ó gbọ́ ọ dópin. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa á, ó bẹ mí pé kí n má bínú, ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó wo fèrèsé. Ó ní kò sí ọgbọ́n kankan tí òun lè ta sí i, a ó dúró de ìgbà òtútù mìíràn, kí wọ́n tún yìnbọn, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà òtútù mìíràn! Oṣù kẹsàn-án mi ti lọ nìyẹn, iṣẹ́ mi nílé ti lọ. Ìyàwó mi ò lè dúró, tíṣà ni nílé, ìsinmi ọlọ́mọ rẹ̀ ń tán lọ. Ọmọ náà sì ti ń wúkọ́, nítorí omi máa ń ṣàn lára ògiri ilé yẹn bí ẹni pé ògiri ń làágùn. Dókítà ní kí a gbé e kúrò níbẹ̀.

"Màámi ò gbọdọ̀ gbọ́," ni ìyàwó mi sọ. "Mo bẹ̀ ọ́. Wọn ò ní dárí ji ara wọn láyé."

"Ta ló fẹ́ sọ?"

"Ojú rẹ fẹ́ sọ ọ́. Ojoojúmọ́ lojú rẹ ń sọ ọ́."

Òótọ́ ni. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, mo máa ń yára jẹ ẹ́, kí n lè jáde. Wọ́n rò pé ìwé ló ń dààmú mi. A sọ fún wọn pé ìdíwọ́ kan ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì, pé iṣẹ́ mi bà jẹ́, pé mo ní láti tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ta ló bà á jẹ́?" ni wọ́n bi mí. Mo ní ẹnìkan ni. Láti ọjọ́ náà wọ́n kórìíra ẹni náà tọkàntọkàn. Bí wọ́n bá ń wẹ ọmọ, wọ́n á máa bú u. Wọ́n á ní ìlara ni, pé òyìnbó kan ló rí i pé orí mi pé. Èmi á mú kóòtù mi, èmi á jáde.

Nígbà ooru ni mo sin ìyàwó mi, ọmọ àti ìyá ìyàwó mi lọ sí ẹ́apọ́ọ̀tù, wọ́n ń padà sílé. Gbogbo ọdún yẹn ni mo ti ń fojú inú rí ibẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà máa ń di àpótí mú nínú ìran yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì máa ń wà lọ́wọ́ mi. A dé ibi tí ẹni tí kò rìnrìn-àjò ò lè kọjá. Ìyá ìyàwó mi ní kí a sún mọ́ àwọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà níwájú gbogbo èrò.

"Ọlọ́run á ṣọ́ yín nínú òtútù yìí."

"Àmín," la wí.

"Ọmọ yìí ò ní gbàgbé ojú yín."

"Àmín."

"Iṣẹ́ yín á yanjú, ẹ ó bá wa láyọ̀."

"Àmín, mà."

Ohùn wọn wá yí padà. "Ẹni tó sì ba iṣẹ́ ọkọ ọmọ mi jẹ́, ẹni tó ní kí bàbá má bá ọmọ rẹ̀ wọkọ̀, ibi yòówù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá forí lé, kò ní délé láyọ̀!"

Bàálù ń dún níta. Ìwé ìrìnnà wọn wà lọ́wọ́ wọn. N kò ṣe Àmín. Ìyàwó mi náà ò ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ kàn di apá mi mú.

Wọ́n la ojú. "Ẹ ò ní ṣe Àmín ni?"

"Ẹ dákun, mà," mo ní. "Ẹ má ṣẹ́ ẹ lépè. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Mo mọ ẹni náà, ọkàn rere ló fi ṣe é."

"Ọkàn rere? Ẹni tó fipá yà yín kúrò lára ọmọ?"

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mà, ẹ yí àdúrà yẹn padà. Ẹ ní kí Ọlọ́run mú un délé láyọ̀." Mo ti wà lórí ilẹ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ láàárín àpótí àwọn èèyàn, òyìnbó ń yà fún mi.

Wọ́n pòṣé. "Ìwé ti pọ̀ jù lórí yín, ọkọ ọmọ mi. Ẹ dìde." Wọ́n tún gbé ọwọ́ wọn sókè. "Ó dáa, nítorí tiyín ni. Ẹni tó ba iṣẹ́ ọkọ ọmọ mi jẹ́, Ọlọ́run mú un délé láyọ̀. Kí Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí gígùn. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀ jó."

"Àmín!" Mo kígbe rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ kan fi yíjú sí wa. Ìyàwó mi ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Ìyá rẹ̀ fi etí gèlè nu ojú rẹ̀, wọ́n ní kó má sunkún mọ́, pé ọkọ rẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n pọn ọmọ mi sẹ́yìn, wọ́n so ọ̀já rẹ̀ le, wọ́n sì wọlé lọ.